Góòlù Tí Irú Rẹ̀ Kò Sí Rí

Ọmọ mi àtàtà, Ògiri,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìgboro, mo sì kí ọ kú ìrọ́jú. Ìyá rẹ ló ní kí n fi kú ìrọ́jú sí i, nítorí bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, kú oríire ni ǹ bá kọ, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ níwájú àti lẹ́yìn, pàápàá jù lọ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ yóò máa gbé ọ lọ síbi ire. Mo ti kọ àdúrà ẹsẹ̀ yìí tán kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló wà nílẹ̀, má ṣe bínú, mi ò fi bú ọ.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé o ti pa fóònù rẹ. Awakọ̀ tó máa ń gbé sìmẹ́ǹtì wá síbí ní òun yà lọ́dọ̀ rẹ, ó ní o ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, ojú fèrèsé lo ti dá òun lóhùn, o ní o ti kó bàtà bọ́ọ̀lù rẹ fún alájọgbélé rẹ, pé o ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé, àti pé ojú wo lo fẹ́ fi wọlé wá bá wa. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ló dùn mí jù. Ojú tí a bí mọ́ ọ náà ni kí o fi wá, kò sí òmíràn tí a bá ọ fi pamọ́ sílé.

Gbogbo wa wà dáadáa. Òrùlé yàrá rẹ ń jò, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ló ti ń jò, a ti gbé garawa sí i. Àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ ti ra ẹ̀rọ oníná, ó ku iná. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta. Èmi ṣì wà nídìí táyà mi, mò ń lẹ èyí tó jò, mò ń fẹ́ èyí tó rọ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n rò ó fún ọ fúnra mi, kí àwọn tí kò fẹ́ràn mi tó rò ó fún ọ. Lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yín, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni gbogbo wa wà, nítorí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ló tóbi jù. Àga tó máa ń gbé oníbàárà sókè sódò ni wọ́n gbé mi kà, gẹ́gẹ́ bí bàbá. Rẹfirí fọn fèrè. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbá a, ẹnì kan gbá a fún ìkejì, ìkejì gbá a fún ọ, ìwọ náà yí padà, o rọra gbá a sẹ́yìn, ó sì wọnú àwọ̀n. Mo fò sókè. Àga náà bá mi fò, orí mi kan àjà.

Ọmọ mi, mo mọ̀ nípa táyà, mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Àwọ̀n méjì ni mo rí, méjèèjì ló ya ẹnu sílẹ̀, mo sì rò pé ẹni tó bá gbọ́n ni yóò lọ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Aṣọ́lé yín nà gbalaja sílẹ̀, mo ní ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí ọmọ mi. Àwọn alátakò ń fò, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, mo ní wọ́n kọ́ àwọn wọ̀nyí nílé, inú wọn ń dùn sí oríire ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn tiyín káwọ́ lérí, mo ní ìlara nìyẹn, ilé ẹni kọ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni? Kilípà ń kùn lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, kò sì gẹ irun ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ dìde, ó jáde, mo rò pé ẹkún ayọ̀ ló fẹ́ lọ sun.

Wọ́n wá tún un fi hàn. Wọ́n fi hàn láti iwájú, wọ́n fi hàn láti ẹ̀yìn, wọ́n fi hàn láti òkè bí ẹni pé ẹyẹ ló ń wò ó, wọ́n tún wá ń fi hàn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè yìí, kò tíì sí góòlù tó yá tó bẹ́ẹ̀, tí ẹsẹ̀ alátakò kò tilẹ̀ tíì kan bọ́ọ̀lù, pé ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n to àwòrán àwọn tó wọ ìwé ìtàn ìdíje náà: ẹni tó dàgbà jù tó gbá a, ẹni tó kéré jù tí góòlù rẹ̀ wọlé, ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù. Tìrẹ ló pẹ́ jù lójú gíláàsì. Mo ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ká. Wọ́n mu ún, kò sẹ́ni tó wo ojú mi.

Lọ́jọ́ kejì mo pe ẹni tó ń kọ pátákó. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ibi iṣẹ́ mi pé BÀBÁ ẸNI ÀKỌ́KỌ́ NÍNÚ ÌTÀN, Ẹ WÁ FẸ́ TÁYÀ YÍN. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní kó fi ọ̀dà pupa sí i.

Obìnrin tó ń bá wa ṣáàjì fóònù wá fi hàn mí pé gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ rẹ. Àwọn ojú róbótó kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ló pọ̀ níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú gbogbo wọn, mo ní háà, bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ọmọ mi tó nìyí tí wọ́n fi ń sunkún. Èmi náà bú sẹ́kún. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ẹ ṣeun, èmi ni bàbá rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú tó ń sunkún lábẹ́ ọ̀rọ̀ tèmi ti pọ̀ ju ti abẹ́ tìrẹ lọ.

Ìyẹn ò tíì tó mi. Lọ́jọ́ kẹta mo wọ aṣọ gidi, mo gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tí òbí ẹni tó wọ ìwé ìtàn máa ń kọ ọ̀rọ̀ kún. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó pẹ́ níbẹ̀, tábìlì sì ń gbọ̀n. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, bí kò bá rí fọ́ọ̀mù, kó fún mi ní ìwé lásán.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ èyí, ìyá rẹ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó gbé abọ́ méjì kalẹ̀, ó mú àlùbọ́sà kan. Ó ní abọ́ yìí ni tiwa, tọ̀hún ni tiwọn, tọ̀hún ló yẹ kí a gbá a sí. Ó wá yí àlùbọ́sà náà gbiri sínú tiwa, ó ní ohun tí ọmọ wa ṣe nìyẹn. Mo wò ó títí. Mo ní kó tún un ṣe, kó ṣe é jẹ́jẹ́.

Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ síbi iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ ní afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù yẹn ló pọ̀ jù, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní kí n sinmi, pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, má bínú, ó bọ́ sí i ni. Pátákó yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, táyà wọn sì máa ń rọ̀ kí wọ́n tó dé, nítorí náà mi ò tíì pa á rẹ́.

Ìyá rẹ ni mo wá bínú sí. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ kí n máa jó káàkiri bí wèrè. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, nínú gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ dùn sí ọmọ òun, òun ò sì fẹ́ kí ẹnì kan náà tún dín. Òmùgọ̀ ni bàbá rẹ, mo gbà, àmọ́ inú mi dùn sí ọ kí n tó mọ̀, nígbà tí mo sì mọ̀ tán, mo wò ó, inú mi ṣì dùn sí ọ.

Lọ gba bàtà rẹ padà, rọra gbà á, má jà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti sú ọ, ìyẹn yé mi, ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí ẹ̀rín fi í sílẹ̀. A kì í tìtorí táyà kan tó bẹ́ ju pọ́ǹpù nù. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ti páànù òrùlé yẹn ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún ìyá rẹ. Bí kò bá sí, gbé ara rẹ wá bẹ́ẹ̀, ìwọ àti èmi yóò jọ gun òrùlé náà.

Ó ku ẹyọ kan. Onígbàjámọ̀ sọ fún mi pé ipò tó o wà nínú ìwé ìtàn yẹn ṣeé gbà, pé lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá ṣe irú rẹ̀ tó tún yá ju tìrẹ, àwòrán tirẹ̀ ni wọn yóò máa fi hàn, wọn ò ní rántí rẹ mọ́. Inú mi dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀, mo ń gbàdúrà kíkankíkan pé kó tètè ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ ṣe àmín àkọ́kọ́, kò ṣe èkejì. Ó bi mí pé ẹni tí yóò gbà á yẹn, ṣé òun kò ní bàbá ni. Mo ro ti bàbá kan níbì kan, lórí àga kan, tó ń fò sókè. Mo dìde lórí eékún.

Nítorí náà, àdúrà tí àwa méjèèjì ń gbà fún ọ báyìí nìyí. Wàá wálé láìpẹ́, wàá bá wa láyọ̀, ọkàn rẹ yóò balẹ̀. Ipò tí o wà nínú ìwé ìtàn yẹn kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ títí ayé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni gbà á.

Bàbá rẹ.