Nítorí Oòrùn Tí Ẹ Ń Ṣọ́

Rùqáyyàh ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé l'Ábújá níbẹ̀, ìwọ àti ọkọ ẹ. Omi tí o bá mu kò ní há ọ lọ́fun. Àwa náà ń bẹ níbí, àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ pupa yẹn sì ti bí ìbejì. Ṣùgbọ́n àyà mi ṣì ń já, òun ló jẹ́ kí ìlà ìwé yìí wọ́, ìwọ lo sì fà á.

Ṣé o rántí pé o pè mí l'Álàmísì, o ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní ọ́fíìsì tuntun yẹn ni pé sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń ṣọ́ oòrùn tọ̀sántòru, kì í sùn, kì í ṣẹ́jú. Mo jókòó sílẹ̀ gbì! Ta ní ń wo oòrùn lójú láìṣẹ́jú? Kí ni oòrùn jí tí wọ́n fi yan ọlọ́dẹ tì í? O tún ní ẹ ti rí i tí oòrùn tu ẹ̀rún iná síta, á dé ọ̀dọ̀ wa ní Sátidé, ká má bẹ̀rù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló lè dàrú. Nínú gbogbo ẹ̀, ẹ̀rún iná ni mo gbọ́.

Mo sọ fún bàbá ẹ. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í parọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, mo ti àwọn ewúrẹ́ mọ́ yàrá, bàbá ẹ gbé agbada irin, ó di orí àpáta níbi tí gbogbo wa ń sá láfún sí, kí wọ́n lè kó o wọlé kí iná tó dé. Akóredé tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, tí òun àti bàbá ẹ kì í kí ara wọn mọ́ nítorí ààlà náà, kò sí nílé, òun àti Títíladé ìyàwó rẹ̀ lọ ṣe àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù ní Lálúpọn. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n ti rí bàbá ẹ tó ru láfún wọn wọ ilé wa. Akóredé figbe bọnu pé olè! Háà! Bàbá ẹ tó ń pe ìrun fún wa! Èrò rọ́ dé. Bàbá ẹ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sá wọlé, pé oòrùn ń tutọ́ iná bọ̀. Wọ́n ní olè náà tún ti ya wèrè. Baálẹ̀ ní ká pè ọ́, ká gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. A pè, a pè, kò lọ. Ọmọ mi, mo rò pé ilẹ̀ yóò lanu gbé mi mì.

Ni Títíladé bá wọ ilé wa láti lọ kó ẹrù wọn. Ó jáde tòun tọwọ́ lẹ́nu. Ó ní láfún àwọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá ẹ fi agbádá Iléyá wọn bò ó, ṣùgbọ́n òun ò rí tiwa ńbẹ̀ rárá. Gbogbo ojú yí sí orí àpáta. Tiwa ló tẹ́ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, adìẹ ń ṣa á jẹ. Baálẹ̀ bi bàbá ẹ pé kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ kó tiwọn. Bàbá ẹ ní ẹni tó wà nílé ṣì lè sáré bí iná bá dé, Akóredé ò sí nílé ní tiẹ̀.

Akóredé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, tòun ti aṣọ funfun ìjọ rẹ̀. Ìyẹn já mi láyà ju ti oòrùn lọ.

Ìgbà tí o wá pè lọ́jọ́ Àìkú tí o ṣàlàyé pé ẹ̀rún ọ̀hún kéré débi pé ojú ò lè rí i, gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Sátẹ́láìtì ni àwọn ọmọdé ń pe bàbá ẹ báyìí, bàbá náà sì ń jẹ́ ẹ. Àwọn àti Akóredé jọ jẹun lánàá.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra tapólì, èyí tó fẹ̀ dáadáa tó máa bo tiwa àti ti Akóredé pọ̀ bí òjò bá ṣú. Bí wọ́n bá sì ní kí ìwọ fúnra ẹ wo oòrùn, sọ pé ìyá ẹ ò gbà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọjọ́ ayé rẹ ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, ibi tí o bá sì ti tàn, kò sẹ́ni tí yóò bò ọ́ mọ́lẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá ẹ,
Àjọkẹ́