Rọ́bà Búlúù Tó Wà Nínú Mọ́nítọ̀ Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń bínú sí láti àárọ̀,

Mo mọ̀ pé ẹ ń sinmi. Ẹ má bínú, mo fẹ́ jí yín díẹ̀. Orí mi ti dàrú.

Mọ́nítọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Agbowó, èyí tí Màámi fi ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Ìlà aláràbarà gba gbogbo ojú rẹ̀ kan. Tẹ́lẹ̀, tí a bá ti gbá a létí, á gbọ́ràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbá a títí ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sí Bódìjà, kò dá mi lóhùn. Màámi wá ní tí mi ò bá lè tún un ṣe, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jogún iṣẹ́ yín nìyẹn, àwọn á gbé tábìlì àtúnṣe yín kúrò kí Àǹtí oní-POS lè ríbi jókòó. Tábìlì yín, Bàbá! Ibi tí ẹ ti máa ń kó súkúrù sẹ́nu bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà.

Mo tú u. Eruku inú rẹ̀ tó gbin iṣu sí. Mo rí rọ́bà búlúù kan tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ, mo ní ìdọ̀tí ni, mo jù ú nù. Mo dé e padà, mo taná sí i: dúdú kirikiri. Kódà ìlà wèrè yẹn ò sí mọ́.

Mo sáré pe Bọ̀dá Ráṣídì tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n fi iná fóònù wò ó. Wáyà pẹlẹbẹ tó ń gbé àwòrán lọ sójú mọ́nítọ̀ ti yọ díẹ̀ lẹ́nu ihò rẹ̀. Ìdè dúdú tíńtín tó yẹ kó dì í mú níbẹ̀ ti kán, ó sì ti pẹ́ tó ti kán.

"Kò sí rọ́bà kan níbí ni?"

"Ìdọ̀tí yẹn? Mo ti jù ú nù."

"Yéè! Ọ̀gá mi ló fi há a níbẹ̀ o, ìwọ ọlọ́pọlọ púpọ̀ yìí! Òun ló ń ti wáyà yẹn mọ́lẹ̀."

Mo ní irọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lé ọmọṣẹ́ dé títì tó bá fi sẹ́lótéèpù lẹ nǹkan? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó bá ń há nǹkan, oníbàárà ló ń tàn jẹ?

Mo tú garawa ìdọ̀tí, mo rí i. Mo yí i padà. Sílípáàsì Màámi ni! Èyí tí ẹnìkan gé gìgísẹ̀ rẹ̀ nígbà ààwẹ̀ ọjọ́sí, tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ nà mí yí ilé po, tí wọ́n ní èmi ni mo fi ṣe táyà mọ́tò ìṣeré. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń mu ọsàn ìṣínu yín. Ẹ wò mí, ẹ ò sọ nǹkan kan. Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ẹ̀rù Màámi ń bà yín ni? Àbí ẹ fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ikú ló yá jù?

Bọ̀dá Ráṣídì ti wáyà wọlé, èmi gé lára sílípáàsì tèmi, mo fi há a. Ó tàn! Ó mọ́lẹ̀ ju oòrùn ọ̀sán lọ. Mo gbé rọ́bà àtijọ́ yẹn fún Màámi.

"Áà! Bàbá ẹ yìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, mi ò wá mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́. Wọn ò bẹ̀ mí nítorí ìgbálẹ̀ o. Wọ́n ṣáà ní kí Àǹtí oní-POS wá ibòmíràn.

Tábìlì ti di tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gbé mọ́nítọ̀ tirẹ̀ wá, àìsàn kan náà. Bọ̀dá Ráṣídì ní ihò tuntun wà, kí n fi irin gbígbóná jó ti àtijọ́ kúrò kí n sì jó tuntun mọ́ ọn. Mi ò tíì mọ irin yẹn í lò dáadáa. Rọ́bà ò sì ní gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè mí ní ọ̀gá.

Bàbá mi, èwo ni kí n ṣe: èyí tí ẹ fẹnu sọ ni, àbí èyí tí ẹ fọwọ́ ṣe?

Ọmọ yín tí kò tíì parí ìjà, tó sì fẹ́ràn yín gan-an.