Ọmọ Tó Wà Nínú Agbémì

Ọjọ́ Ẹtì, 5 mars 1976

Kí n san gbèsè ná, kí n tó kí ìwé. Mo jẹ Ràmá ní ẹ̀mí kan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó fi àyà gba ọ̀kọ̀ tí wọ́n sọ sí mi. Lónìí mo ṣí ibodè fún un, mi ò gba nǹkan kan. Òun náà ní ó tó bẹ́ẹ̀. A ò jẹra wa mọ́. — Ó dáa. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìwé mi.

Bí ẹlòmíì bá ka èyí, á ní orí mi ti dàrú. Eré ni. Àwa mẹ́ta la máa ń ṣe é lẹ́yìn rélùwéè nígbà tí ọkọ̀ bá pẹ́, ó sì máa ń pẹ́. Ràmá, ìyẹn Ramatou ará Ṣakí tó ń ta abọ́ tánganran. Rosalie tó ń yan ẹ̀pà. Èmi Fẹ̀yìntọlá, oníèlùbọ́. Ràmá ń kírun. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rosalie, wọ́n sàmì fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ló ń bọ bíi ti bàbá rẹ̀. Níbòmíì, bóyá la ò bá kí ara wa. Ní Ìlú Abẹ́-Àpáta, a jọ ń jagun ni. Ràmá ni Agbémì, iwin tó ń gbé èèyàn mì láìpa á. Rosalie ni Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹyẹ, ọdẹ. Èmi ni Eléyín-Irin, oníbodè tó ń gba ọjọ́ ayé èèyàn dípò owó. Ràmá ló yan iṣẹ́ yẹn fún mi, ó ní ó bá ìwà mi mu. Aláfojúdi obìnrin! Bí ìjà bá dé, a ó da èso kajú sílẹ̀ kó bá wa pín in. Ẹni tó bá ń fi ẹnu iwin sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ bo ojú òsì. Tó bá ti ṣí i, ó ti padà di èèyàn.

Rosalie wá lónìí. Àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí láti ìgbà tí èéyi ti pa Antoine, ọmọkùnrin rẹ̀. Ó jókòó. Ẹ̀pà ń jóná, kò rò ó. Ni Ràmá bá fọwọ́ bo ojú, ó ní: "Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹyẹ, má wá a kiri mọ́. Èmi ni mo gbé ọmọ ẹ mì. Ogun ń bọ̀, mi ò ríbi fi í pamọ́ sí. Inú mi ló wà. Ó ń sùn."

Rosalie gbé etí lé e níkùn, ó ń gbọ́. Ó sunkún dáadáa, ẹkún tó yẹ kó ti sun láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ó jẹ ẹ̀pà tó jóná.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Félix ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò kí wa. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 mars

Rédíò tún ń ka orúkọ àwọn àjẹ́ tó jẹ́wọ́. Mo pa á, bátìrì ti wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 mars

Wọ́n lu Ràmá. Wọ́n lù ú bí ẹni lu ẹ̀wà.

Félix ló ṣíwájú. Àwọn ọmọ kòmíté, àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba ní kó máa ṣọ́ ìlú, tẹ̀ lé e, Bàtà ń pàṣẹ. (Jean-Baptiste lorúkọ ọ̀gá wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàtà, nítorí bàtà sójà tí wọ́n fún un, tí kì í bọ́.) Wọ́n kọ́kọ́ ta ẹsẹ̀ sí abọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yí lọ sójú irin. Ràmá ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀mùtí ni wọ́n. Ó ní: "Ta ló máa san tiwọn báyìí?" Félix fi ọmọ odó bá a lápá. Mo gbọ́ tí egungun kán. Ó ṣubú sórí tánganran tó fọ́, wọ́n sì bọ́ sórí rẹ̀.

"Pọ̀ ọ́! Pọ ọmọ mi! Mo gbọ́ ọ létí ara mi!" Félix ló ń ké. Ohùn rẹ̀ ò jọ tèèyàn.

"Àjẹ́ ará Nàìjíríà!" làwọn èrò ń pè é. Àwọn tó ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn ló kọ́kọ́ ju òkúta.

Èmi ńkọ́? Mo gbé àpò èlùbọ́ mi kúrò lọ́nà. Ọwọ́ mi ti gbé e kí ọkàn mi tó mọ̀.

Wọ́n fà á lẹ́sẹ̀ lọ sí ilé òwú àtijọ́, wọ́n tì í mọ́bẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 mars

Ẹ̀jẹ̀ wà létí ìró mi. Mo fọ̀ ọ́, kò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 11 mars

Wọ́n mú un jáde lónìí. Wọ́n de ìbàdí rẹ̀ mọ́ ìdí máńgòrò. Apá rẹ̀ ti wú tó itan. Wọ́n fún un ní omi ọṣẹ àti ata mu kó lè pọ ọmọ. Omi ló kọ́kọ́ bì, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan sún mọ́ ọn, wọ́n ń fi igi tú èébì wò.

Bàtà ní: "Kámáráàdì Ramatou, ẹ̀yin ta lẹ jọ ń ṣe é?"

Ẹ̀gbẹ́ mi ni Rosalie dúró sí. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ràmá wo gbogbo èrò. Ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ó wá gbé ọwọ́ tí kò kán sókè, ó fi bo ojú òsì. Wọ́n rò pé ó ń sá fún igi ni. Àwa méjì nìkan la mọ̀.

"Eléyín-Irin," ó ní. "Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹyẹ."

"Ibo ni wọ́n ń gbé?"

"Abẹ́ àpáta."

Èrò náà fà sẹ́yìn. Bàtà ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo jáde síwájú. Mo ní: "Jean-Baptiste, ọmọ mi, eré ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Eré kẹ̀? Ìyá Théophile, àgbà obìnrin ń ṣeré? Àbí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ ni?" Mo rí ọmọ odó lọ́wọ́ Félix. Mo ní rárá o, mo kàn gbọ́ ni. Mo padà sí ààyè mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 mars

Wọ́n ní àwọn ti rí Eléyín-Irin ní abúlé Boni. Ìyá arúgbó kan tó fi irin de eyín kan. Wọ́n fi ẹ̀mú yọ ọ́. Wọ́n gbé e wálé nínú agolo tòmátì, wọ́n ń mì í kiri ọjà kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Eyín kékeré báyìí. Wọn ò sọ bóyá ìyá náà ṣì wà láàyè. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Orúkọ tí mò ń fi rẹ́rìn-ín ni wọ́n fi ya á lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 14 mars

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rosalie gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ojú kan ti dí, ètè ti ya.

"Félix ní kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹyẹ, Ìyá Théo. Mi ò sọ."

Mo bi í bóyá ó ti ṣàlàyé fún un pé eré ni.

"Mo ṣàlàyé. Ó ní ṣé ikú ọmọ òun ni mo fi ń ṣeré." Ó fi ìró nu ẹnu.

Ó ní Félix ń pọ́n ọ̀bẹ. Félix ní tí ó bá jẹ́ inú Ràmá ni ọmọ òun wà, inú náà ni kí àwọn wò. Ọjọ́ Ẹtì, lójú gbogbo ìlú. Bàtà ti fọwọ́ sí i.

Rosalie lọ. Mo jókòó, mo ṣírò. Èmi mú òótọ́ lọ bá wọn, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Rosalie mú un lọ, ó fi ojú san án. Òótọ́ kì í ṣe owó tí wọ́n ń ná lọ́jà yìí. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà náà, òun ni màá gbé lọ.

Ọjọ́ Ajé, 15 mars

Ọ̀sán gangan ni mo dé ilé Félix. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ lóòótọ́. Ó dìde, ó tẹrí ba: "Ìyá Théophile, ẹ kú ọ̀sán o." Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

Mo ní: "Má wá Eléyín-Irin kiri mọ́. Èmi ni. Ìyá Boni yẹn ò mọ nǹkan kan."

Ó dì mí lọ́rùn mú. Ó fi orí mi gbá ògiri, ó tún gbá a. Ilé ń yí. Mo fi ẹ̀mí tó kù sọ ọ́: "Antoine wà láàyè nínú Ramatou. Bí ọ̀bẹ ẹ bá kan ikùn yẹn, ìwọ lo pa á, kì í ṣe èéyi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò jù mí sílẹ̀, kò fún mi mọ́. Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé: "Ó ń sunkún níbẹ̀?"

"Rárá. Ó ń sùn."

"Ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

"Ohun tí Ramatou bá jẹ ló ń jẹ. Ẹ ò sì tíì fún un ní nǹkan kan jẹ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó jù mí sílẹ̀. Ó pariwo sẹ́yìnkùlé: "Rosalie! Gbé ògì kaná!" Rosalie yọjú, ó wo ọrùn mi, ó wo ojú mi. Mo rí i tó ń bu ṣúgà sí i lẹ́ẹ̀mejì, bí Antoine ṣe máa ń fẹ́ ẹ.

Mo jókòó sílẹ̀, mo dá òfin tuntun fún Ìlú Abẹ́-Àpáta níbẹ̀, bí a ti máa ń dá a. Mo ní odò nìkan ló lè tú ohun tí Agbémì gbé mì sílẹ̀. Kí wọ́n gbé Ramatou dé etí odò Okpara láàyè. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Kó là á kọjá sí ọ̀nà Ṣakí. Lódìkejì lọ́hùn-ún ni ọmọ á ti jáde, á sì máa gbé.

"Màá rí i?" Félix bi mí.

Mo ti purọ́ tó láti ra ẹ̀mí obìnrin kan. Èyí ni mi ò lè fi kún un. Mo ní rárá.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun á bá Jean-Baptiste sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ kámíọ̀ wà. Ó ní òun á gbé ògì náà lọ fúnra òun.

Ọrùn mi ti wú, mi ò lè gbé itọ́ mì. Mo ti ránṣẹ́ sí Théophile ní Parakou pé kó má wálé. Wọ́n ti mọ ẹni tí mo jẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá gbà, ọkọ̀ á gba iwájú ilé mi lọ sí ọ̀nà Okpara. Bí wọn ò bá gbà, iwájú ilé mi náà ló máa dúró sí.

Mo ti sọ fún Félix kí n tó jáde: Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ èsì, kí oòrùn tó kan àtàrí.