Labalábá Onírù Inú Páálí Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Osdorfer Born, ìlú òyìnbó, Sátidé, oṣù Kẹjọ 1991

Òkú labalábá tí mo rí nínú páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi iṣẹ́ ni mo mú wálé fún Moríámù ọmọ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aró, ó sì ní ìrù gígùn méjì.

Mo ní, "Mo mọ eléyìí dáadáa. Oko ẹ̀wà bàbá mi ní Ọ̀yọ́ la ti máa ń lé e."

Moríámù gba ìwé labalábá wá láti láíbìrì. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ pé ewé ẹ̀wà ni ìdin rẹ̀ máa ń jẹ! Ṣùgbọ́n nínú máàpù, apá gúúsù Amẹ́ríkà títí dé Ajẹntínà ni wọ́n kùn ní pupa. Áfíríkà funfun báláú.

"Nicht in Afrika, Papa." Ó fi èdè ilé-ìwé rẹ̀ sọ ọ́ pé kò sí ní Áfíríkà.

Inú bí mi. Mo ní àwọn tó kọ ìwé yẹn ò dé oko wa rí.

"Bàbá, níbo ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ti wá?"

Ẹ̀kùádọ̀ ti gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sára páálí. Mo ní oúnjẹ ti yá.

Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó mú pẹ́ńsùlù pupa, ó fi àmì kékeré kan síbi tí Ọ̀yọ́ wà, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo wá rántí lẹ́búlẹ́bú ara labalábá tó máa ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ lóko. Yẹ́lò ni. Tiwa ò sì nírù.

Mo ti fi rọ́bà pa àmì náà rẹ́. Lọ́la, màá ní kí Moríámù bá mi wá ti yẹ́lò. Ìwé yẹn nípọn, tiwa náà á wà níbẹ̀.