Obìnrin Inú Àwòrán Rélùwéè

Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún,

Ẹ gbàgbé fóònù yín sílé nígbà tẹ́ ẹ ń lọ wá férémù ní Kamazou, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kà á.

Ẹni tó ń bá yín tẹ àwòrán pè láàárọ̀, ó ní òun ò tíì rí ti rélùwéè Rigasa gbà. Mo ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ń yàwòrán kí n fi ránṣẹ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìpele àwòrán kan tẹ́ ẹ bò mọ́lẹ̀ sábẹ́ èyí tó hàn síta. Ìtọpinpin mi tẹ́ ẹ mọ̀ kò jẹ́ n sinmi, mo ṣí i. Àṣé obìnrin kan ti ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀ látọjọ́! Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ kì í ya yẹtí èèyàn báyẹn. Mo wò ó títí, mo gbàgbé láti bò ó padà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ránṣẹ́. Ẹ forí jì mí.

Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti gbé e kọ́ sára ògiri níbi ìpàtẹ àwòrán yín. Àǹtí Matilda tó ń ṣètò ìpàtẹ náà pè.

"Kai, Morọ́láyọ̀! Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ yà síbẹ̀ yìí?"

"Àǹtí, ẹ wo dígí."

Wọ́n ní, "Èmi kẹ̀?" Wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo lẹ ti yà á. Mo ní déètì tó wà lára rẹ̀ fi hàn pé ó ti tó ọdún kan.

Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá fẹ́, àwọn á yọ ọ́ kí èrò tó dé láago mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹnu yín làwọn ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo ti lọ síléèwé. Ẹ má pè wọ́n lórí fóònù o. Ẹ lọ dúró níwájú wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n má yọ ọ́.

Morọ́láyọ̀