Fèrèsé Tí Kọ́lápọ̀ Kàn Pa

Bàbá mi, ẹni tí kì í ti fèrèsé,

A máa ń sọ pé olóògbé ń gbọ́ ohun tí ń lọ nílé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ yín kì í ṣe òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.

Wọ́n ní àrá ni ó jó ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yín ní Ìkirè. Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹ bínú láti ọ̀run. Irọ́ ni. Ẹ kò jẹ́ kí a fi igi dáná rí, àní èyí tí ó lọ́. Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́, àbígbẹ̀yìn yín, tí ó ń dín dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ni iná rẹ̀ ta sí pákó. Irọ́ tí ó burú jù nìyẹn, nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Iná Àbẹ̀kẹ́ kò rìn lọ bá ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ni ó rìn wá bá iná.

Kọ́lápọ̀ ni ó fọ́n irọ́ náà káàkiri. Ẹ rántí Kọ́lápọ̀, ọmọ Àpómù tí ẹ kọ́ níṣẹ́, tí ẹ máa ń pín ẹran àwo yín fún. Òun ni a gbé ṣọ́ọ̀bù fún nígbà tí ẹ kú. Ó pa fáníìṣì ọwọ́ tì, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, ó sì kó tínà jọ sínú garawa tí kò ní ìdérí.

Ẹ kò lo tínà púpọ̀ láyé yín. Ó mọ́ gaara bí omi kànga, òórùn rẹ̀ dùn díẹ̀, òòyì a sì máa kọ́ ẹni tí ó bá ń fín in símú. Bí ó bá kan ọwọ́, á tutù, á sì gbẹ kí a tó nù ún. Òun ni wọ́n fi ń po ọ̀dà ọkọ̀ àti ti àga kí ó lè ṣàn. Irú rẹ̀ wà nínú gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà àti nínú ọ̀dà èékánná. Ó wúlò. N kò bá a ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n oru tí ń jáde lára rẹ̀, tí ojú kò rí, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń fà lọ, bí omi tí ń wá ibi tí ó rẹlẹ̀, títí yóò fi pàdé iná. Iná náà á sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà sílé. Mo fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Eruku ni ọ̀tá àga tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fáníìṣì. Ẹ̀yin a máa wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra, ẹ ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀, àní nígbà ọyẹ́. Ìyá wa a máa kùn pé ẹ fẹ́ràn àga ju àyà yín lọ. Garawa iyanrìn tí ẹ fi ń pa iná kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ni ó ṣojú Kọ́lápọ̀. Ó kan fèrèsé pa nítorí eruku. Ó da iyanrìn nù, ó fi garawa náà po ọ̀dà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, abẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ni ó kù fún oru tínà láti gbà jáde. Ó gba ibẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá àdògán Àbẹ̀kẹ́, iná sì gba ọ̀nà kan náà padà wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọṣẹ́ rí ọ̀nà sá jáde; mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àwọn ará àdúgbò da omi sí i. Tínà léfòó, ó ń jó lọ lórí omi, ó sì bá Àbẹ̀kẹ́ níbi tí ó ti ń gbé epo gbígbóná kúrò lọ́nà àwọn ọmọdé. Ìka rẹ̀ ká kò títí di òní. Kò lè dín dòdò mọ́.

Kì í ṣe ọwọ́ náà ni ó dùn mí jù. Ó gba irọ́ náà gbọ́. Láràárọ̀ ni ó ń bẹ àwòrán yín lára ògiri, pé kí ẹ foríji òun tí òun jó iṣẹ́ Bàbá. Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ? Èéṣe tí ẹ kò dá a lóhùn?

Nígbà tí ẹ kò dáhùn, mo lọ sí Àpómù, sí ìpàdé ẹgbẹ́ káfíńtà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi Kọ́lápọ̀ jẹ alága. Mo mú Àbẹ̀kẹ́ lọ, a sì gbé irin gọ́tà òrùlé gígùn kan dání. Afínọ̀dà kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Tísà àgbà ti di pidánpidán. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ní gbangba ìta, mo gbé orí gọ́tà lé àga, mo fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, mo tan àbẹ́là síbẹ̀. Mo fi òwú tí mo rẹ sínú tínà sókè. A dúró. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lójijì iná gbéra lẹ́nu àbẹ́là, ó sáré gun gọ́tà, ó sì gbá òwú náà mú lókè. Àbẹ̀kẹ́ mú ọwọ́ rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ ìborùn.

Kọ́lápọ̀ ní, “Àǹtí, eruku ni mo ń sá fún.”

Mo ní, “Bàbá mi náà sá fún un. Omi ni wọ́n wọ́n.”

Wọn kò fi í jẹ alága. N kò fi mọ níbẹ̀. Mo ní kí ó gba ọjà Ìkirè kọjá láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí ó fi ẹnu tí ó fi purọ́ jẹ́wọ́. Mo tẹ̀lé e. Níbi tí ohùn rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, mo ní kí ó tún un sọ. Àwọn òbí ti kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ni ó ń kan àga báyìí. Ó dùn mọ́ mi. N kò fi bò.

Àlùfáà wa ti wá bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó Kọ́lápọ̀ ti wá kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ìbá bẹ̀ mí, nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹran tí ẹ máa ń pín fún un, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ni a kò jẹ ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ ṣì ń dúró níwájú àwòrán yín láràárọ̀, ṣùgbọ́n ó ń kí yín ni, kò bẹ̀ yín mọ́. Nípa tirẹ̀, nípa tínà, nípa àwọn ọmọ-ọmọ yín, ẹ béèrè, n ó dáhùn. Nípa ìdáríjì Kọ́lápọ̀, n kò ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, títí kan ẹ̀yin.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí ó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.