Àtẹ̀gùn Méjìléláàádọ́rin

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta
Mo ra ìwé yìí nítorí pé mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún. Dókítà Kékeré — kò lè ju ọmọ mi lọ — ní ọ̀rá ti ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn mi. Kí n fi ẹran sílẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso, ọkà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀. Kí n sì máa rìn. Ó wá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní alápatà ni mí, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí. Èmi náà wò ó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Ẹ̀wà lásán. Ẹnu mi ń wá Abẹ́rẹ́ kiri. Ìyàwó mi nìyẹn — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Tó bá ń se ọbẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹran tó lọ́ràá jù, á fi sí mi lẹ́nu: "Ẹ tọ́ ọ wò." Oṣù márùn-ún rèé tó ti lọ bá ọmọ wa tọ́jú ọmọ tuntun nílùú kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ní òun máa lò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo gbé ẹran fún awakọ̀ kó bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́, bí mo ṣe ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Igẹ̀ tó dáa, ọ̀rá bò ó. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "àárò rẹ ń sọ mí" fún ìyàwó tí a ti fẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹran ni mo mọ̀ ọ́n gé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Jẹ́ kí n kọ òótọ́ sílẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́ lóṣù tó kọjá. Ilé alájà mẹ́rin, òkè pátápátá ni wọ́n wà, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè. Mo dé ìdajì, àyà mi fún pọ̀, ojú mi ṣú. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹrù. Mò ń gbọ́ ohùn Abẹ́rẹ́ lókè, ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo yí padà. Ibùdókọ̀ ni mo ti pè é, mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lè wá. Ó ní, "Ó dáa náà."
Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà, mi ò tíì fojú kan orí ọmọ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Mo pe ọmọ wa, mo tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, mo ní kò gbọdọ̀ dé etí ìyá rẹ̀. Mo ní kó bá mi ka àtẹ̀gùn wọn. Méjìléláàádọ́rin. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ó gbé e mì. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ ṣáà máa bọ̀."
Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn yàrá òtútù tí a ń kó ẹran sí jẹ́ méjìlá. Tí mo bá gùn ún nígbà mẹ́fà, tiwọn nìyẹn. Mo ṣe ìgbà méjì lónìí, mo di ògiri mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Oníbàárà mi kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ká mi mọ́bi tí mo ti ń jẹ kárọ́ọ̀tì lẹ́yìn tábìlì ẹran. Ó wo kárọ́ọ̀tì, ó wo ẹran. "Alápatà, kí lẹ mọ̀ tí àwa ò mọ̀?" Mo ní eyín ló ń dùn mí. Ó ní eyín wo ló ń dunni tí èèyàn ń fi í run kárọ́ọ̀tì tí wọn ò sè? Ìdajì ohun tó máa ń rà ló rà.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́
Ìgbà mẹ́ta. Òjò. Àárò Abẹ́rẹ́ ń sọ mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Mo rìn dé afárá kí n tó ṣí ìsọ̀. Ẹ̀wà ti ń dùn, ó yà mí lẹ́nu — àlùbọ́sà ló ṣe é. Mo ti fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sí bẹ́líìtì mi, kò sì sí ẹni tó máa rí i kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Apá tèmi ni mo ṣì ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàtà ilé Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo nù ún.
Mo bi í lórí fóònù pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Ó ní ọmọ ò tíì jẹ́. Ó ń mí bí ẹni tó sáré wá gbé fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n
Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Dókítà Kékeré ní mo lè lọ, kí n ṣáà máa sinmi lọ́nà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà — alápatà ló sọ ìyẹn fún. Ìgbà mẹ́fà lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin
Mo lọ sílé ọmọ wa lónìí.
Ọsàn ni mo gbé lọ, mi ò gbé ẹran. Mo dé àtẹ̀gùn kejìdínlógún, mo sinmi. Ìkẹrìndínlógójì — mo fọwọ́ kan ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, mo kọjá. Ní ìkẹrìnléláàádọ́ta, níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, obìnrin kan jókòó, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó di irin mú. Abẹ́rẹ́. Ó ń mí bí mo ṣe máa ń mí.
Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?"
Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ló bá di ẹkún. Ọkàn tirẹ̀ náà ni. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún tó ti débẹ̀ ni àwọn dókítà ti ní kó fi ẹran sílẹ̀, kó máa rìn. Ó ti dákú lórí àtẹ̀gùn nígbà kan, kò dé ìsàlẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Àràárọ̀ ló ń kọ́ bó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ kó lè wá sílé. Ibi tó ń dé nìyẹn. Ọmọ wa mọ ti àwa méjèèjì, a sì ti dí i lẹ́nu.
Mo bi í pé ẹran ọjọ́ Ẹtì ńkọ́?
"Gbogbo ilé yìí ló ń jẹ ẹ́ àfi èmi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún alápatà pé mi ò jẹran mọ́?"
Mo jókòó tì í. Mo fi bẹ́líìtì hàn án. Ó ka ihò náà, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Mo bó ọsàn kan, mo yọ awẹ́ kan, mo fi ọwọ́ ara mi fi sí i lẹ́nu.
"Tọ́ ọ wò."
Ọmọ ké lókè. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ló kù. A ò tètè dìde.